Roku ti Houston, Fire Stick ti London, àbí àpótí Computer Village?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹlifíṣọ̀n wa ní Ìbàdàn ti pẹ́ díẹ̀, ínṣì 43 ni, Full HD, kì í ṣe smart. Àwọn ìbejì mi fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a ó fi máa wo YouTube àti Netflix lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Táyé wà ní Houston, ó ní kò sí ohun tó dà bíi Roku. Kẹ́hìndé wà ní London, Fire Stick ti Amazon ló ń pè. Bàbá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má fowó ṣòfò, pé àpótí Android tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà, ní RAM ju gbogbo wọn lọ, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Fíìmù Yorùbá lórí YouTube ni èmi ń wò jù, bọ́ọ̀lù ni ti Bàbá. Rọ́tà 4G là ń lò, dátà a máa tètè tán, fíìmù a sì máa dúró yípo lórí fóònù mi pàápàá. Èwo ló yára jù nínú wọn? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Bí ìbejì bá ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n fẹ́ rà fún ìyá wọn, ẹ má tíì là wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹ ní fíìmù a máa dúró yípo lórí fóònù yín. Kò sí Roku nínú fóònù yín, kò sí Fire Stick níbẹ̀, rọ́tà yẹn náà ló sì ń lò. Tó bá ń yípo níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ló ń ṣe é, kò sì sí èyíkéyìí nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ tó lè wo àìsàn náà sàn. Benz tuntun àti dánfó àtijọ́, bákan náà ni wọ́n ń dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìyára méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìyára tí dátà fi ń wọlé, àti ìyára tí ẹ̀rọ fi ń tú dátà náà sí àwòrán, tó sì fi ń gbọ́ràn sí rimóòtù lẹ́nu. Ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín àti ibi tí ẹ gbé rọ́tà sí. Èkejì nìkan ni owó àwọn ọmọ lè rà.

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó, ẹ ṣí fast.com lórí fóònù yín, lórí Wi-Fi rọ́tà náà. Netflix ló ni ojú ewé yẹn, láti orí kọ̀ǹpútà tiwọn ló sì ti ń wọn ìyára yín. Ẹ ṣe é ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò wà lórí òpó nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Nọ́ńbà aago mẹ́wàá àárọ̀ a máa tan èèyàn jẹ. Ẹ ṣe é nítòsí rọ́tà, kí ẹ tún ṣe é níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára dátà. Ohun tí Netflix ní kí èèyàn ní ni Mbps 3 fún àwòrán 720p, Mbps 5 fún 1080p (Full HD bíi ti tẹlifíṣọ̀n yín), Mbps 15 fún 4K tó mọ́ jù. Bí ẹ bá rí 8 nítòsí rọ́tà tí ẹ wá rí 2 nídìí tẹlifíṣọ̀n, ògiri búlọ́ọ̀kù yín ló ń jẹ ìyókù, ẹ sún rọ́tà. Bó bá jẹ́ pé 2 náà ni nítòsí rọ́tà, ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó. Bí kò bá tún yí padà, owó tí àwọn ọmọ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n fi wá nẹ́tíwọ̀kì míì ná. Wi-Fi tí wọ́n kọ 5GHz sí lára yára ju 2.4GHz lọ, ṣùgbọ́n kì í la ògiri púpọ̀ kọjá. Tí rọ́tà àti tẹlifíṣọ̀n bá wà nínú pálọ̀ kan náà, 5GHz ni kí ẹ lò. Tí yàrá méjì bá wà láàárín wọn, 2.4GHz yóò ṣe yín láǹfààní jù.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé ẹ rí Mbps 6 tàbí 7 tó dúró dáadáa lálẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló jẹ̀bi tàbí nẹ́tíwọ̀kì, ọ̀fẹ́ ni, YouTube ló sì gbé e síbẹ̀. Nígbà tí fíìmù bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú àwọn ètò fídíò náà, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n pè ní Stats for nerds. Ẹ tẹ̀ ẹ́, àwọn nọ́ńbà yóò jáde sójú fíìmù. Buffer Health ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá fíìmù tó ti wọlé dúró de yín. Bí ó bá ń já wálẹ̀ títí tó fi fẹ́ẹ̀ kan òdo, tí fíìmù wá dúró yípo, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ṣùgbọ́n bí Buffer Health bá kún dáadáa, tí nọ́ńbà àwòrán tó já bọ́, ìyẹn dropped frames, wá ń gòkè ṣáá, tí ẹni tó ń rìn nínú fíìmù ń ta gìrì, ẹ̀rọ ló rẹ̀ ẹ́: dátà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè tú u tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́dọọdún kò tíì wo ojú ewé yìí rí.

Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí Codecs, orí èyí ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀ torí òun ni apá tó kan àpò yín. Wọn kì í fi fíìmù ránṣẹ́ bó ṣe wà, wọ́n máa ń fún un pọ̀ kó tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Oríṣiríṣi ọ̀nà ìfúnpọ̀ ló wà. Tí ẹ bá rí avc1, ti àtijọ́ nìyẹn, H.264. Tí ẹ bá rí vp09, VP9 ti Google ni. Tí ẹ bá rí av01, AV1 ni, tí ẹgbẹ́ Alliance for Open Media, tí Google, Netflix àti Amazon wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2015, gbé jáde ní 2018. Àfojúsùn wọn ni pé kí fíìmù tó mọ́lẹ̀ bákan náà fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti VP9. Netflix bẹ̀rẹ̀ sí í fi AV1 ránṣẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní November 2021. Kì í ṣe gbogbo fíìmù YouTube ló ní ẹ̀dà AV1, ṣùgbọ́n àwọn tó ní in ń pọ̀ sí i.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí kò ní ohun tó ń tú AV1 nínú ṣíìpù rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ẹ̀dà àtijọ́ tó wúwo ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Ilé méjì lè máa wo fíìmù kan náà, kí àwòrán mọ́lẹ̀ bákan náà, kí dátà ti ọ̀kan tètè tán ju ti èkejì. Ní Houston àti London, níbi tí wọ́n ti ń san owó oṣù tí wọ́n sì ń wò bó ṣe wù wọ́n, kò sẹ́ni tó ń ka èyí sí. Ẹ̀yin tó ń ra dátà ní GB, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Owó gọbọi kò sì fi dandan mú AV1 wá. Apple TV 4K ti 2022, ṣíìpù A15 tó wà nínú iPhone 13 ló wà nínú rẹ̀, ó lágbára ju gbogbo ohun tí ẹ dárúkọ lọ, dọ́là 129 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, síbẹ̀ ṣíìpù rẹ̀ kò ní ẹ̀yà AV1. Nvidia Shield ti 2019 tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ń yìn náà kò ní in. Chromecast with Google TV ti 2020 tó jẹ́ 4K kò ní in. Ẹ̀dà HD tí Google gbé jáde ní 2022, tí owó rẹ̀ kéré sí ti 4K, ló ní in. Nínú Fire Stick, 4K Max ní in láti 2021, Fire TV Stick 4K tí wọ́n ṣe ní 2023 náà ní in. Èyí tí kò ní 4K nínú orúkọ rẹ̀ kò ní in. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ díẹ̀ nìyí: 4K kò lè hàn lórí tẹlifíṣọ̀n yín, ibi tí ojú rẹ̀ mọ ni 1080p, ẹ̀rọ 4K kò sì ní fi 4K jẹ dátà yín níbẹ̀. Síbẹ̀, ṣíìpù tó dáa wà nínú àwọn tí wọ́n kọ 4K sí lára ju àwọn tí kò ní in lọ. Torí ṣíìpù ni kí ẹ ṣe gbà á, kì í ṣe torí àkọlé.

RAM ló kàn, tí Bàbá ti fi ń halẹ̀. RAM ni ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Google TV àti Fire TV, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ ti Google àti ti Amazon, ọmọ Android ni àwọn méjèèjì, Android sì máa ń jẹun púpọ̀. GB 1 kò tó o mọ́. Ẹ ó tẹ rimóòtù, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ ó tún un tẹ̀, yóò wá ṣe méjèèjì pọ̀, ẹ ó sì bá ara yín nínú fíìmù tí ẹ kò pè. Ẹ ó jáde kúrò nínú YouTube lọ sí Netflix, kí ẹ tó padà, YouTube ti gbàgbé ibi tí ẹ wà. GB 2 ni mo máa ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀. Fire TV Stick tí kò ní 4K ní GB 1, 4K ti 2018 ní GB 1.5, 4K Max ní GB 2. Kẹ́hìndé ní láti ṣọ́ra fún Fire TV Stick 4K Select tí Amazon gbé jáde ní 2025: ó ní 4K lórúkọ, ṣùgbọ́n GB 1 ni RAM rẹ̀. Wọ́n ti yọ Android kúrò nínú rẹ̀, Vega OS, ètò tí Amazon ṣe fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò, kò sì gba app kankan tí kò bá ti inú ilé ìtajà Amazon wá. Google TV Streamer tó rọ́pò Chromecast ní 2024 ní GB 4, dọ́là 100 ni nígbà tó jáde.

Ibi ìpamọ́ náà ń dá ẹ̀rọ dúró ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sítíìkì yìí ní GB 8, ètò inú ẹ̀rọ ti gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àwọn app ti wú, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í háǹgì, àwọn èèyàn á ní ó ti gbó. Kò gbó, ó kún ni. Ẹ yọ app tí ẹ kì í lò.

Wàyí o, Táyé àti Roku rẹ̀. Mi ò ní í bú Roku. Òun ló gbé ẹ̀rọ Netflix àkọ́kọ́ fún tẹlifíṣọ̀n jáde ní 2008, ètò inú rẹ̀ fúyẹ́ débi pé RAM kékeré tó o, rimóòtù rẹ̀ sì rọrùn fún àgbàlagbà ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní Houston, mo lè ra Roku fún màmá mi láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Roku ń bá ṣòwò. Ẹ ó máa lo ilé ìtajà app ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àkáǹtì Amẹ́ríkà, nígbà tí app tí Bàbá fi ń wo bọ́ọ̀lù níhìn-ín lè máà sí níbẹ̀ rárá. YouTube yóò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ẹ kò ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Fire Stick ti Kẹ́hìndé sàn ju ìyẹn lọ fún ilé yín, bó bá jẹ́ 4K Max. Ohun mìíràn tún wà tí òun náà lè máà ronú kàn: ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wà lórí ṣájà London ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ní Ìbàdàn ń gbà, iná ibẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ bá tiwa dọ́gba. Ẹ ó kàn tì í bọ̀ ọ́ tààrà ni. Ohun tí mo kórìíra nínú Fire TV ni ojú ilé rẹ̀, ìpolówó ló kún ibẹ̀, gbogbo ìpolówó yẹn sì ń lóòdù lórí dátà yín. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé kó rà á nínú páálí rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣí. Àwọn kan wà ní London tó ń ta Fire Stick tí wọ́n ti kó bọ́ọ̀lù jíjí sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí àjèjì ti wọ inú rẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń fi àkáǹtì Amazon àti káàdì báǹkì rẹ̀ sí.

Bàbá ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí sí wọn létí.

Àpótí tí kò ní orúkọ, tí wọ́n kọ 8K àti RAM GB 8 sí lára, nọ́ńbà yẹn lè jẹ́ irọ́ pátápátá, torí àwọn tó ń ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ètò inú ẹ̀rọ pàápàá pa irọ́ náà fún yín. Ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Netflix máa ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ kí ó tó gbà á láyè. Èyí tí wọn kò fọwọ́ sí, app ti fóònù ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, ẹ ó máa fi rimóòtù wa atọ́ka kiri bí ẹni ń lo kọ̀ǹpútà. Ìkejì, Google ní ètò ìdáàbòbò kan tó ń jẹ́ Widevine. Ẹ̀rọ tó bá ní ìpele L1 lè gba àwòrán tó mọ́ jù. Èyí tó bá wà ní L3, 480p ni Netflix máa mọ sí lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé àpótí RAM GB 8 ti Bàbá lè máa fi àwòrán tó ṣú hàn, kí sítíìkì GB 2 máa fi 1080p hàn.

Ti ààbò le ju ìyẹn lọ. Ní January 2023, ẹnì kan tó mọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà ra àpótí T95 kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá kòkòrò kọ̀ǹpútà, ìyẹn virus, nínú rẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní September 2024 iléeṣẹ́ Doctor Web ti Rọ́ṣíà ròyìn kòkòrò mìíràn, Vo1d, lórí nǹkan bí àpótí mílíọ̀nù 1.3 ní orílẹ̀-èdè 197. Ní June 2025 FBI ti Amẹ́ríkà ṣe ìkìlọ̀ fún gbogbo ayé lórí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ BADBOX 2.0, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Google sì gbé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó máa ń sọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín di ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà kọjá láti ṣiṣẹ́ ibi wọn. Dátà yín ni wọ́n sì ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tó ní dátà ń tètè tán, ẹ kò ní fẹ́ irú àlejò yẹn.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó wà ní Computer Village ló burú. Xiaomi wà níbẹ̀. Xiaomi TV Box S, ẹ̀dà kejì ti 2023, ní RAM GB 2, ó ní AV1, Google àti Netflix ti fọwọ́ sí i. Tí Bàbá bá ta kú pé Ìkẹjà ni àwọn ti máa rà á, ìyẹn ni kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì ní kí ẹni tó ń tà á tàn án níwájú wọn. Nínú ètò Play Store, ibì kan wà tó ń sọ bóyá Google fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kọ̀ láti tàn án, kí Bàbá má bá a jà, kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Nǹkan kan wà fún Bàbá nínú gbogbo èyí, ó sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù àti lọ́dọ̀ wa ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí 60Hz, ìyẹn àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí 50 tó lè di 60, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún àwòrán kan nínú márùn-ún fi hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ojú á rí i: tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù gígùn tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé e, pápá á máa fò díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn á ní nẹ́tíwọ̀kì ni, wọ́n á ra dátà sí i, kò sì ní dáwọ́ dúró. Nínú ètò àwòrán lórí Fire TV àti Google TV, ẹ lè yan 1080p 50Hz fúnra yín, tàbí kí ẹ tan ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bá ìyára fíìmù mu, bí app náà bá gbà á. Apple TV ló ṣe èyí dáadáa jù. Tí Bàbá bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, 50Hz ni. Ẹ̀yin lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún fíìmù Yorùbá, ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí kò tó nǹkan.

Ó ku iná. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ wọ̀nyí ní òkè òkun máa ń wọn bó ṣe yára tó láti jí lójú oorun, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni, gbogbo wọn á sì gbóríyìn fún un. Ní ilé tí NEPA ti ń mú iná lọ tó ń mú un wá, ẹ̀rọ kì í sùn, kíkú ló ń kú. Gbogbo ìgbà tí iná bá dé, àtìbẹ̀rẹ̀ ló máa gbéra: ó máa tan, ó máa wá Wi-Fi, ó máa dúró de rọ́tà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Àwọn tí RAM wọn kéré ló máa ń pẹ́ jù. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í jẹ ju wáàtì díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ra UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tí wọ́n ń tà fún rọ́tà, ẹ wo ara rẹ̀ pé fóltéèjì tí ẹ̀rọ yín ń gbà wà níbẹ̀, kí ẹ so rọ́tà àti ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá ti ní ìnífátà, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ má sì gba agbára sítíìkì láti inú ihò USB tẹlifíṣọ̀n. Ihò USB àtijọ́ sábà máa ń fúnni ní amp 0.5, sítíìkì sì ń fẹ́ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò tan, ẹ ó rò pé ó tó o, àfi ìgbà tí fíìmù bá ń lóòdù tó máa ṣàdédé kú tó máa tún tan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa tẹlifíṣọ̀n ló máa pa sítíìkì. Okùn HDMI kúkúrú tó wà nínú páálí, ẹ lò ó, ẹ jẹ́ kí sítíìkì yọ síta díẹ̀ kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n: ooru Ìbàdàn pẹ̀lú ooru tẹlifíṣọ̀n máa ń mú kí ṣíìpù dẹwọ́, irin ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n sì máa ń dí Wi-Fi.

Èwo wá ni? Ó dùn mí láti já àwọn méjèèjì kulẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Roku, kì í ṣe Fire Stick. Kí Táyé lọ sí Walmart ní Houston, kó ra onn 4K Pro, ẹ̀rọ tí Walmart fúnra rẹ̀ ń tà. Google TV ni, ọdún 2024 ló jáde, RAM GB 3, ibi ìpamọ́ GB 32, AV1 wà nínú rẹ̀, ihò okùn íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí dọ́là 50 ni nígbà tó jáde. Bí kò bá rí i, onn 4K kékeré ti 2023, tí kò tó dọ́là 20 nígbà tó jáde, ní RAM GB 2 àti AV1. Mo fẹ́ ẹ ju sítíìkì GB 1 èyíkéyìí lọ. Fire TV Stick 4K Max ti Kẹ́hìndé ló tẹ̀ lé e. Google TV Streamer dáa ju onn lọ ní RAM, àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n Full HD ẹ kò ní rí ohun tí dọ́là 50 tó lé lórí rẹ̀ ń ṣe. Kí wọ́n tó sanwó, kí Bàbá sọ orúkọ app bọ́ọ̀lù wọn fún Táyé, kó wò ó bóyá ó wà fún Google TV.

Tó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gba gbogbo àtúnṣe tó bá ń béèrè fún, ní òru tí dátà rọ̀. Lórí Netflix, nínú àkáǹtì yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan bí dátà yóò ṣe lọ. Medium jẹ nǹkan bí GB 0.7 ní wákàtí kan, nígbà tí HD lè jẹ tó GB 3. Fún YouTube, 720p lórí ínṣì 43 láti orí àga pálọ̀, ojú yín kò ní bá a jà. Ẹ yàn án fúnra yín nínú ètò fídíò kí ó má baà gun 1080p ní gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dáa.

Ohun kan ṣoṣo ló lè ba ti Houston jẹ́, iná wọn ni. Fóltì 120 ni tiwọn, tiwa 240. Lára ṣájà ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà tín-tìn-tín. Tí Táyé bá rí INPUT 100-240V, kó dì í, ẹ ó kàn ra ohun ìyípadà ẹsẹ̀ ní Ìbàdàn. Tó bá rí 120V nìkan, kó fi ṣájà yẹn sílẹ̀ sọ́hùn-ún, kó ya fọ́tò ìlà OUTPUT ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé, kí ìyẹn ra èyí tí fóltì àti amp rẹ̀ bá a mu ní London, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.